Afẹ́fẹ́ Ẹ̀yìn Oko Kajú

Nínú gbogbo ọmọ tí Tíṣà Ambrose kọ́ ní eré ìdárayá, kò sí èyí tó wù ú kọ́ bíi Qonitah, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ̀yìn tì kí ọmọbìnrin náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ilé rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán ló wá bá a. Ó gun kẹ̀kẹ́ láti Àrándùn, aṣọ àwọn oníbàárà tó fẹ́ lọ gbé fún wọn wà nínú báàgì lẹ́yìn rẹ̀. Télọ̀ ni. Ó ní òun gbọ́ pé Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ ìdíje fún ìpínlẹ̀ Kwara nígbà èwe rẹ̀, òun náà sì fẹ́ gùn ún.

"Ta ló rán ẹ wá?" Tíṣà bi í.

"Ẹsẹ̀ mi ni, sà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní kó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ìdíje tí Qonitah yàn ni èyí tí wọ́n máa ń tú àwọn agunkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí oníkálukú á máa bá àago jà. Kò sí ẹni tí èèyàn lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti wá lágbára tán, afẹ́fẹ́ ló kù tó ń fa èèyàn sẹ́yìn. Qonitah mọ̀ bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ ló sì fi ń bá a jà. Ó rán aṣọ tó lẹ̀ mọ́ra, tó bò ó dé ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀. Ó rán híjáàbù kékeré tó di orí mú pinpin, kó má baà máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lábẹ́ akoto. Ṣùgbọ́n bó bá rán tuntun, kò ní mọ̀ bóyá ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun tí télọ̀ ń fi teèpù wọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Khalilullah, tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ló wá nǹkan ṣe sí i. Ó fi ẹ̀rọ méjì ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n dán méjèèjì wò, kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n sì dá ìkejì padà kí oṣù tó parí. Ọ̀kan rí roboto, abẹ́ ìjókòó ni wọ́n ń so ó mọ́. Ó máa ń wo eré tí kẹ̀kẹ́ ń sá àti agbára tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ pẹ́dà, á sì fi ṣírò ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ nínú agbára náà. Ìkejì ní imú tín-ínrín kan bíi ti ẹ̀fọn, tó yọ síwájú lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Afẹ́fẹ́ máa ń gba ihò imú náà wọlé, ẹ̀rọ á sì mọ bó ṣe ń fẹ́ sí, á wá fi ìyẹn ṣe ìṣirò tirẹ̀. Tíṣà fẹ́ràn roboto. Ó ní onímú yẹn gbẹgẹ́ jù, eruku ọyẹ́ á dí i. Qonitah ní onímú lòun fẹ́ mú.

Kí wọ́n tó lè mọ èyí tó ń sọ òótọ́, wọ́n nílò ọ̀nà tó tẹ́jú tí kò sí mọ́tò lórí rẹ̀, nítorí mọ́tò tó bá kọjá máa ń da afẹ́fẹ́ rú. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nítòsí: ọ̀nà àtijọ́ tó gba àárín oko kajú kọjá lẹ́yìn Àrándùn. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì dára. Ìgbà tí wọ́n la ọ̀nà tuntun ni àwọn awakọ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tó wá ku àwọn àgbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tún jí àwọn kan gbé níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àwọn àgbẹ̀ tó pọ̀ jù náà pa á tì.

Jàrátù, ìyá Qonitah, tìtorí rẹ̀ wá sílé Tíṣà. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó.

"Tíṣà, ọ̀nà tí gbogbo ayé ń sá fún lẹ mú ọmọ mi lọ?"

"Ìyá Khalilu, àárọ̀ la máa ń lọ. Èmi fúnra mi ló sì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹ̀yin dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló dúró láàárín rẹ̀?"

Tíṣà ṣàlàyé pé ibi tó bá dá páropáro ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

"Dídá tó dá yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," ni Jàrátù wí, ó sì kọrí sílé.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kùrukùru eruku á ti bo gbogbo oko, àwọn igi kajú á dúró nínú rẹ̀ bí àwọn tó ń retí èèyàn. Tíṣà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé kan tí wọ́n ti tì pa. Qonitah á gùn lọ dé afárá tó wà ní òdìkejì oko náà, á yí padà, á gùn bọ̀. Gbàrà tó bá ti wọnú kùrukùru ni Tíṣà kò ní rí i mọ́. Á kàn máa tẹ́tí títí ìró ṣéènì kẹ̀kẹ́ á fi tún yọ sí i.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ohun kan náà ni àwọn ẹ̀rọ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Bí Qonitah bá ń bọ̀ láti afárá, tó bá ti wọ àárín oko kajú, ìlà tí ẹ̀rọ ń fà sójú fóònù láti fi agbára tí afẹ́fẹ́ ń gbà hàn á wálẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn tó ń tì í. Tó bá kù díẹ̀ kó jáde, ìlà náà á tún gòkè. Nígbà tó bá ń lọ, kò ní sí nǹkan kan. Tó bá ń bọ̀ nìkan ni.

"Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ni," Tíṣà wí. "Ọyẹ́ ló ń tì ẹ́."

Qonitah na ìka sí fóònù. "Ẹ wò ó, sà. Tó bá jẹ́ ọyẹ́ ló ń tì mí, afẹ́fẹ́ tó ń wọ imú ẹ̀rọ yìí ì bá dín kù. Kò dín kù rárá. Bó ṣe ń fẹ́ níwájú tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe ń fẹ́. Ohun tó ń yí padà kò sí níwájú."

"Níbo ló wá wà?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"O ò rí nǹkan kan? O ò gbọ́ nǹkan kan?"

"Akoto bo etí mi, mo sì dorí kodò. Afẹ́fẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó sì yára gbé ọwọ́ náà kúrò.

Tíṣà ní ó ti dá òun lójú báyìí pé onímú ti bàjẹ́, roboto ni wọ́n máa mú. Qonitah kò gbà. Wọ́n wá fi àwòrán ìlà náà ránṣẹ́ sí Khalilullah, kó bá wọn bi àwọn tó ṣe ẹ̀rọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Tíṣà nìkan padà lọ síbẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oòrùn ti tú kùrukùru ká, ọ̀nà náà funfun lọ gbọọrọ, ẹyẹ kan ò dún. Láàárín oko kajú, ó rí ipa táyà mọ́tò tó yà kúrò lójú ọ̀dà wọ abẹ́ igi. Eruku ò tíì bo ojú ipa náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn tó ń ṣa kajú ni. Ó gbójú sókè. Kajú kò tíì so. Ó ní bóyá àwọn tó ń ro abẹ́ igi ni, ó wolẹ̀, koríko ga dé orúnkún. Ó yí padà, kò sì mọ̀ pé òun ti ń sáré títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ó yẹ kó sọ fún Qonitah. Ó gbèrò láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ronú bí òun ṣe máa dúró níwájú Jàrátù, ó sì dákẹ́. Ó ní ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò náà, kùrukùru ki ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Qonitah so ẹ̀rọ onímú mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ní òun á máa wo nọ́ńbà rẹ̀ bí òun ṣe ń gùn ún lọ. Ó gbéra. Ìró ṣéènì rẹ̀ kú lọ, ó sì ti yẹ kó máa padà yọ nígbà tí fóònù Tíṣà dún. Khalilullah ni.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ti dá mi lóhùn. Wọ́n ní nǹkan kan ò ṣe é."

"Kí ló wá fa ìlà tó ń wálẹ̀?"

"Wọ́n ní tí mọ́tò bá sún mọ́ agunkẹ̀kẹ́ lẹ́yìn gan-an, á máa ti afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn síwájú, agunkẹ̀kẹ́ á sì fúyẹ́. Wọ́n ní kí ẹ sọ fún awakọ̀ yín kó máa jìnnà sí i díẹ̀."

Tíṣà yí ojú sí ọ̀nà tí Qonitah gbà lọ.

"Tíṣà? Ta ló ń bá yín wakọ̀ ọ̀hún?"

Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wọnú kùrukùru. Ó pariwo orúkọ Qonitah, ariwo náà kò lọ jìnnà. Ó dúró, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ ṣéènì. Ohun tó gbọ́ ni táyà tó ń yí lórí ọ̀dà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ìró ẹ́ńjìnnì tó pọ̀. Mọ́tò aláwọ̀ eérú kan yọ jáde, kò tan iná. Ó rọra dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró, gíláàsì sì wálẹ̀. Awakọ̀ fi ìborùn di imú, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe nígbà ọyẹ́. Ẹnì kan tún jókòó tì í.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà," ni awakọ̀ wí.

Tíṣà tẹ̀ síwájú, ó yọjú wo ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ẹ ò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ yín mà ń gbìyànjú o."

"Níbo ló wà?"

"Ṣé èmi lẹ ń bi? Ẹ máa lọ sílé, Tíṣà. Òtútù yìí ò dáa fún àgbàlagbà."

Gíláàsì gòkè, mọ́tò lọ. Tíṣà mọ ohùn náà. Ó ti gbọ́ ọ rí nígbà tó ṣì jẹ́ ohùn ọmọdé, lórí pápá, láàárín àwọn ọmọ tó ń sáré. Ó wá orúkọ tàbí ojú tí yóò fi sí i, kò rí.

Ó sáré lọ síwájú, ó ń ké pe ọmọ náà, títí ẹnì kan fi dá a lóhùn láti inú oko ẹ̀gẹ́. Sámúẹ́lì ni, àgbẹ̀ kan ní Àrándùn tí kò fi oko rẹ̀ níbẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, Qonitah ń tẹ̀ lé e, apá aṣọ rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Nọ́ńbà náà ń wálẹ̀, Tíṣà," Qonitah wí. "Ó ń wálẹ̀, mo sì mọ̀ pé tí mo bá bojú wẹ̀yìn, màá rí nǹkan. Mo bojú wẹ̀yìn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò wọn wà lẹ́bàá táyà mi, mo lè nawọ́ kàn án. Èyí tó jókòó ti awakọ̀ juwọ́ sí mi bí ẹni tó ń kí mi."

Qonitah ti yà wọ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba àárín poro ẹ̀gẹ́ kọjá, ibi tí mọ́tò ò lè gbà. Ó ṣubú. Sámúẹ́lì ló fà á dìde, tó sì fà á wọ àárín ẹ̀gẹ́. Àwọn ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró létí oko. Wọn kò wọlé. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sínú mọ́tò.

Àwọn fijilanté lọ yẹ ibẹ̀ wò. Wọ́n rí ibi tí àwọn kan ti ń jókòó lábẹ́ kajú, ọ̀rá omi mímu, ìdí sìgá, àti ẹ̀ka igi tí wọ́n ṣẹ́ kí ojú lè rí ọ̀nà. Wọn kò rí mọ́tò kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dá ẹ̀rọ kan padà, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló di roboto sínú páálí.

"Onímú la mú," ló wí.

Wọ́n rò pé ó ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, wọ́n rí ọ̀kadà Sámúẹ́lì létí oko rẹ̀. Ó dúró dáadáa lórí ìdúró rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, àdá ọkùnrin náà wà nílẹ̀. Sámúẹ́lì alára kò sí. Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ kí wọ́n tó rí i lójú ọ̀nà Orò-Àgọ́, láìwọ bàtà, ó ti rù kan egungun.

Tíṣà, Jàrátù àti Qonitah jọ lọ kí i. Ó ń fojú sá fún ìmọ́lẹ̀ ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní kí Qonitah jọ̀wọ́ lọ dúró níta. Nígbà tí ọmọ náà jáde tán, ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

"Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ bi mí nípa ara mi. Ọmọ yẹn ni wọ́n ń béèrè. Ọjọ́ tó máa ń jáde. Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lókè òkun. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n nà mí, mo ní mi ò mọ̀." Ó wo Tíṣà. "Ẹnì kan nínú wọn ní kí wọ́n má fọwọ́ kan yín o. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun."

Jàrátù kò dúró gbọ́ ìyókù. Kó tó dọjọ́ Jímọ̀, ó ti kó máṣíìnì ìránṣọ Qonitah sínú mọ́tò, ó mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò tirẹ̀ Suwebat ní Ìlọrin. Ibẹ̀ ni Qonitah ti ń gun kẹ̀kẹ́ báyìí, nínú ọgbà tí wọ́n mọ ògiri yí ká, ó sì gbapò kejì nínú ìdíje tó lọ. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Tíṣà, ẹ̀rọ onímú wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó kọ ọ́ sí i pé òun ṣì máa ń bojú wẹ̀yìn, pé bí kì í bá ṣe ìyẹn, òun ì bá ti gba ipò kìíní.

Tíṣà kò kúrò ní Ọ̀mù-Àrán. Ó ti sọ ohun tó gbọ́ fún àwọn tó yẹ kó sọ fún, wọ́n bi í ní orúkọ, kò ní orúkọ tó lè fún wọn. Lọ́jọ́ Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó ṣe ń wá ibi tó máa jókòó sí láàárín èrò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó nu àga tirẹ̀ fún un.

"Ẹ káàsán, Tíṣà. Ẹ jókòó síbí."

Tíṣà wò ó lójú. Ojú tó mọ́, ẹ̀rín jẹ́jẹ́, aṣọ tó gbó lọ́rùn díẹ̀. Ó dúró bóyá yóò tún sọ̀rọ̀ kan, kí òun lè gbọ́ bóyá ohùn inú kùrukùru yẹn ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn di àga mú fún un. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó.