Ọkọ̀ Mi Níwájú Ilé Fẹlísíà

Fẹlísíà lorúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí fún yín. Ó pẹ́ tí mo ti ń pa á mọ́ra. Wọ́n ní kí n dárí jì í, wọ́n ní àgbà kì í wí tẹnu rẹ̀ tán. Èmi ti dàgbà tó báyìí, mo fẹ́ wí tẹnu mi tán!

Èmi àti Fẹlísíà jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni. A jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Àkúrẹ́. Nígbà tí mo sin ọkọ mi, òun ló di orí mi mú kí n má fi gbá ògiri. Nítorí náà, ẹ má rò pé ọ̀tá ló ṣe mí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ṣé kì í ṣe ara ẹ̀fọ́ náà ló wà?

Àwọn ọdún náà le. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ ìgbà tí mò ń sọ: ayé ológun, tí owó oṣù àwa olùkọ́ di ohun tí a ń gbọ́ ní rédíò nìkan, tí epo bẹntiróòlù sì ṣọ̀wọ́n ju omi ojú àánú lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, bí wọ́n bá ti kúrò ní ọ́fíìsì, wọ́n á bọ́ táì, wọ́n á máa fi ọkọ̀ ara wọn ṣe kábúkábú kí ọmọ lè jẹun. Ọkọ Fẹlísíà, Bàbá Túndé, wà lára wọn. Ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rìbìtì tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá ló ní. Ìjàpá ni tèmi náà. Tirẹ̀ funfun, tèmi ní àwọ̀ ojú ọ̀run.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń bọ̀ láti ilé epo tí mo ti fi gbogbo òwúrọ̀ tò lórí ìlà lásán. Ẹ̀kán epo tó kù nínú ọkọ̀ mi bá gbẹ. Ibo ló gbẹ sí? Iwájú ilé Fẹlísíà gan-an, lẹ́bàá àdúgbò Ìjọ̀mù. Ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tísà, ọkọ̀ ẹ mọ ilé ọ̀rẹ́ ju ìwọ alára lọ! Wá, ká tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

A tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ó ní kí n fi í síbẹ̀ títí epo yóò fi dé, pé bí òun bá ti ń ṣí fèrèsé láràárọ̀, ọkọ̀ mi ni ohun àkọ́kọ́ tí òun yóò máa rí. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Kò pẹ́ sí i ni ìránṣẹ́ dé láti Oǹdó pé ara Yèyé, ìyá mi, kò yá. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ. Mo rò pé ọjọ́ mélòó kan ni. Ṣùgbọ́n àìsàn àgbà, ta ló mọ ìparí rẹ̀? Ikùn rẹ̀ ń wú, oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá, dókítà tó ń wò ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní iṣẹ́ abẹ ni, Ilé-Ifẹ̀ la sì ti lè ṣe é, kí n má sì fi falẹ̀ rárá.

Mọ̀lẹ́bí mi kan wà tó ń jẹ́ Akin, tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó kòkó. Ó ní lọ́jọ́ Ajé òun ń lọ sí Ifẹ̀, pé ká tẹ́ ibùsùn sẹ́yìn ọkọ̀ òun, ká gbé Yèyé lé e. Mo wo ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà. Mo wo ojú ọ̀nà tí a ó gbà, pẹ̀lú kòtò inú rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Fẹlísíà àti obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ akọrin wa wá kí wa láti Àkúrẹ́. Wọ́n ra ọsàn àti búrẹ́dì dání. Wọ́n kọrin jẹ́jẹ́, wọ́n gbàdúrà. Fẹlísíà mú ẹsẹ̀ Yèyé lé itan ara rẹ̀, ó ń fi òróró ra á. Yèyé ṣàdúrà fún un títí tí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ wo àdúrà tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò tọ́ sí!

Mo wá bi í léèrè: "Ìyá Túndé, ọkọ̀ mi ńkọ́?"

"Ó wà níbi tí o gbé e sí," ló wí. "Àná gan-an ni mo ní kí wọ́n fọ eruku ara rẹ̀."

Mo rántí pé Sístà Dèbórà, ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, kò gbójú sókè. Ọsàn ló ń bó. Ó bó o, ó bó o, èèpo rẹ̀ tán, ó ṣì ń bó o.

Bí wọ́n ti lọ tán ni mo ránṣẹ́ sí Akin pé kó máa lọ. Mo ní èmi náà ní ọkọ̀. Màá fi tìmùtìmù sí ìjókòó ẹ̀yìn, màá gbé ìyá mi lọ sí Ifẹ̀ bí ayaba. Ẹni tó bá ń mi orí báyìí pé èmi ni mo kọ ọkọ̀ Akin, kó kọ́kọ́ sọ fún mi: kí ni mo mọ̀? Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo mọ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo rí epo rà lábẹ́lẹ̀. Mo sọ fún Yèyé pé kó wẹ̀, kó múra, pé ọ̀sán ni màá gbé ọkọ̀ dé. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo lé itan nínú bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́. Ariwo ta.

"Màmá, iná lẹ gbé lé itan yẹn o! Ṣé ẹ fẹ́ sun wá mọ́nú ọkọ̀ ni?"

Awakọ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n dákẹ́, pé ká ní àwọn ló rí epo, inú ṣòkòtò ni wọn ì bá gbé e sí. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí n tó tún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyẹn.

Lóòótọ́, ọkọ̀ mi wà níbi tí mo gbé e sí. Ó ń dán! Wọ́n ti fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú. Mo ṣí iwájú, mo da gbogbo epo náà sí i, nítorí ẹ̀yin tó mọ Ìjàpá mọ̀ pé iwájú ni epo rẹ̀ ń gbà wọlé, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kò dáhùn. Mo tún yí i. Kò fọhùn rárá.

Bàbá àgbà kan, ọmọ Àkúrẹ́, tó máa ń jókòó síwájú ilé rẹ̀ ní òdìkejì, ló kígbe: "Tísà! Tísà! Epo yín ti ń ṣàn lọ nílẹ̀ o!"

Mo bọ́ sílẹ̀. Epo tí mo gbé lé itan láti Oǹdó ń ṣàn jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ń wọnú gọ́tà lọ. Mo sáré ṣí ẹ̀yìn. Ihò ni mo rí. Ihò! Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Wáyà mélòó kan ló ń fì, àti rọ́bà epo tí wọ́n gé, tó ń da epo mi nù.

Mo bi bàbá náà léèrè ẹni tó tú u. Ó ní, "Ulé mi ni mo jókòó sí o, ọmọ mi. Mẹkáníìkì wá lójú mọmọ. Wọ́n ní ìwọ lo ní kí wọ́n tú u." Mo ní ta ló wí bẹ́ẹ̀? Kò dárúkọ. Ó fi ẹnu júwe fèrèsé Fẹlísíà.

Fẹlísíà ti ń sunkún kó tó jáde. Ó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọkọ òun ló kú, kábúkábú dáwọ́ dúró, ebi wọlé. Ó ní àwọn kàn yá tèmi ni, àwọn ì bá dá a padà kí n tó dé. Mo ní kó pe Bàbá Túndé kíákíá, kó wá fi ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì mi wà nínú rẹ̀ gbé ìyá mi lọ sí Ifẹ̀. Ó ní ó ti gbé èrò lọ sí Ọ̀wọ̀, òun ò mọ ìgbà tó ń bọ̀.

"Fẹlísíà, àná lo jókòó ti ìyá mi! Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

"Tísà, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ létí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn?"

Ẹ gbọ́ ná! Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ burúkú pàdé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún. A ó kọ́kọ́ jẹ́ kó jẹun, kó fara balẹ̀, kí tọwọ́ rẹ̀ tán ná. Àṣà rere ni. Sístà Dèbórà náà jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn náà pé inú ọkọ̀ tí àwọn wọ̀ wá sí Oǹdó ni Fẹlísíà ti bẹ àwọn kí wọ́n má dá wàhálà kún wàhálà mi, àwọn sì rò pé àánú mi ló ń ṣe é. Àánú? Abẹ́ àṣà ló sá sí, bí olè ṣe ń sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo padà sí Oǹdó nínú bọ́ọ̀sì. Yèyé mi ti múra. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó wé gèlè tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ọkọ̀ dà?" ló bi mí.

Mo ní ó ń bọ̀. Kí ni ǹ bá tún sọ? Mo bẹ onímọ́tò kan, mo bẹ èkejì. Kò sí epo. Akin kò tíì padà dé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Yèyé tún ní kí n bá òun wé gèlè náà, pé ọkọ̀ lè dé nígbàkúgbà. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló kú.

Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì pè wá jókòó. Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ náà má jáde síta. Bàbá Túndé dọ̀bálẹ̀, ó ní òun á dá ẹ́ńjìnnì padà. Mo ní kó máa gbé e kiri. Kí n fi gbé ta ni lọ síbo? Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé tí mo bá dúró ní Alágbàká tí mò ń dúró de táksí, mò ń gbọ́ ìró ọkọ̀ mi nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Túndé dúró níwájú mi nínú òjò. Ó ṣílẹ̀kùn. "Ẹ wọlé, Ma. Mi ò ní gbowó." Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé.

Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun kan fún wọn. Mo fi òkú ọkọ̀ náà sílẹ̀ níwájú ilé wọn! Táyà rẹ̀ wọlẹ̀, koríko hù gba inú rẹ̀ jáde, ewúrẹ́ ń bímọ sí ìjókòó tí ǹ bá gbé ìyá mi sí. Wọ́n bẹ̀ mí títí kí n gbé e kúrò, pé àlejò kò rí ọ̀nà wọlé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń dá wọn lóhùn: "Ó wà níbi tí mo gbé e sí." Ọdún gorí ọdún, títí àwọn tó ń fẹ ojú títì fi wọ́ ọ lọ.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ẹ má fi ohun ìní yín síwájú ilé ẹnikẹ́ni, kí ẹ wá fi ẹnu ẹni náà ṣe ojú yín. Bí ẹ bá wà nídálẹ̀, ẹ rán ẹni tí kò ní nǹkan láti pàdánù kó lọ wò ó. Bí ẹ bá sì mọ ohun burúkú kan nípa ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín, ẹ sọ fún un, ì báà jẹ́ pé ó ń sunkún lọ́wọ́. Ta ló ti fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pa yín lára rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi yìí, màá kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n dárí jì.

Mo gbìyànjú ẹ̀. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n ní Fẹlísíà ń ṣàìsàn lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìjù. Bàbá Túndé ti kú. Mo lọ. Mo fẹ́ gbọ́ kó bẹ̀ mí kí ọ̀kan nínú wa tó lọ. Ó ti rù kan egungun. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó wò mí títí, kò sì sunkún lọ́tẹ̀ yìí.

"Tísà," ló wí, "ẹ́ńjìnnì yẹn ló bọ́ àwọn ọmọ mi títí wọ́n fi jáde ìwé. Kò sí ọjọ́ tí mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí Yèyé. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ tún parọ́ fún ẹ kí n tó kú: bó bá tún di àná, màá tún ní kí wọ́n tú u."