Ọ̀gá Tó Ń Fi Àdúrà Sá fún Ìbéèrè

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi tó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," inú máa ń bí mi. Ọ̀gá kan tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì orin ìyìn jáde ní Ṣómólú ló fà á. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ilé ìwé wa sì ní kí n lo sáà kan lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kọ́ òwò orin.

Wọ́n ní olùfọkànsìn ni. Olùfọkànsìn wo? Bí akọrin bá bi í pé ìgbà wo ni kásẹ́ẹ̀tì òun máa jáde, ojú dídì ni. A ó wá dúró bí òmùgọ̀, a ó máa ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ fún mi pé ẹwà ló ń ta kásẹ́ẹ̀tì, pé kò sẹ́ni tó ń ra ohùn.

Màmá kan wà lára àwọn akọrin rẹ̀ tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, nítòsí wa níbẹ̀. Bó bá kọrin, orí ẹni á wú. Ọjọ́ tí jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bébà aláwòrán tí wọ́n fi ń bo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, dé láti ilé ìtẹ̀wé, orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, àmọ́ fọ́tò ọmọge pupa kan tí ẹnì kankan ò mọ̀ rí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ta nìyí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Gbogbo wa dijú. Màmá ò dijú.

"Ẹ máa gbà á, sà. Tí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ bá mi bi Jésù: ojú ta nìyí?"

Ọ̀gá gbàdúrà náà tán. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.