Etí Ọkọ Mi Lára Ẹ́ńjìnnì

Tí Pijó àtijọ́ ọkọ mi, ẹni tí mo sin lóṣù tó kọjá, bá ń ṣàìsàn, èèkù àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ló máa ń gbé lé ẹ́ńjìnnì, á fi etí ti orí kejì àjẹ̀ náà láti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. "Iná ń tètè jó," á wí, á sì rọra yí disitiribútọ̀ tó ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé Fọlákẹ́, ọmọ àbúrò mi tó ń rọbí, dé Ìgbòkòdá, Pijó tí a fẹ́ fi gbé e lọ ọsibítù ń kan gbò-gbò-gbò, kò lè fà jáde nínú yanrìn. Ọkọ mi gbé àjẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì.

Bọ̀sún atukọ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àjẹ̀ kì í tún mọ́tò ṣe o!"

"Pa ẹnu dé, kí n gbọ́ràn."

Ó yí disitiribútọ̀ bí ìbú èékánná. Pijó fà, ó gbé wa dé ọsibítù.

Fọlákẹ́ bímọ láyọ̀. Ọkọ mi kò wọlé wá wo ọmọ. Ó jókòó sínú Pijó níta, kò pa ẹ́ńjìnnì, bóyá àwọn nọ́ọ̀sì á ní ká máa gbé ìyá ọmọ lọ ọsibítù ńlá ní Òkìtìpupa.