Làálì Lórí Ọgbẹ́

Bí Safurat bá ń ra ata ní Ọjà Igbó, kì í fọwọ́ kan án. Ojú ló fi ń ṣà á, yóò ní kí aláta bá òun kó o sínú ọ̀rá. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ìgbéraga ni. Wọ́n á ní ará Ọ̀yọ́ ni, ẹ fi í sílẹ̀, wọ́n máa ń ṣe bí ẹni pé inú ààfin ni wọ́n bí gbogbo wọn sí. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ata ò gbọdọ̀ kan ìka Safurat torí pé awọ orí ìka náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kajú ló jẹ ẹ́.

Ẹni tó ń ra kajú inú ìgò ní Takie l'Ógbómọ̀ṣọ́ ò lè mọ ohun tí wọ́n ń fojú rí nídìí rẹ̀. Kóró yẹn ní èèpo, èèpo náà sì ní omi dúdú kan tó ń jó ara bí omi bátìrì. Níbi iṣẹ́ Safurat, lẹ́yìn ìlú, àwọn obìnrin máa ń jókòó ti ẹ̀rọ kéékèèké láti àárọ̀. Wọ́n á ki kóró bọ ẹnu irin, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, èèpo á là, wọ́n á sì fi ìka yọ ọmọ inú rẹ̀. Kò sí ìbọ̀wọ́. Epo pupa àti eérú ni wọ́n fi ń pa ọwọ́. Èyí tó bá jáde ní odidi ń lọ sókè òkun, èyí tó bá fọ́ ni tiwa. Kajú pàápàá mọ ilé olówó.

Láti ìgbà tí Mùílì ọkọ rẹ̀ ti kú ni Safurat ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, òun ló sì fi ń rán Haneefah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ó di pé Haneefah ló ń bá a de bọ́tìnnì. Nọ́ọ̀sì kan wò ó, ó ní tí kò bá wọ ìbọ̀wọ́, tí wọn ò sì tọ́jú ọgbẹ́ náà, àwọn ìka wọ̀nyẹn ò ní ṣeé ká mọ́. Safurat sọ fún Mátíù, ọ̀gá tó ń bójú tó wọn. Mátíù ní òun á sọ fún ẹni tó ni iṣẹ́. Èkó ni ẹni tó ni iṣẹ́ ń gbé, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì dé Èkó títí di òní.

Lọ́jọ́ kan, Mátíù kó wọn jọ. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń ra kajú ń bọ̀ wá kí wọn, kí oníkálukú wẹ̀, kó wọ aṣọ gidi, kí wọ́n má dójú ti òun. Kò sọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀, Ọlọ́run ló yé.

Safurat wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ti àwọn yòókù, ojú sì tì í. Nínú agbo ilé tí wọ́n bí i sí l'Ọ́yọ̀ọ́, àlejò kì í mọ̀ pé ebi ń pa onílé. Ìyá rẹ̀ a máa yá àga ládùúgbò, a máa din ẹyin fún àlejò, nígbà tó jẹ́ pé gààrí lásán ni àwọn ọmọ á mu sùn. Ìyá náà ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ làálì, torí òun ló ń le é fún àwọn ìyàwó tuntun ládùúgbò wọn. Ni Safurat bá ra làálì, ó pò ó, ó sì sọ fún àwọn obìnrin pé bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, kí wọ́n wá bá òun lábẹ́ igi.

Gbogbo wọn ló wá. Dorcas nìkan ló ń fà sẹ́yìn, ó ní ìjọ àwọn kì í le làálì. Ọ̀rẹ́ Safurat ni, ẹ̀rọ wọn kọjú síra. Safurat bi í pé ibo ni Bíbélì ti ní kó fi ọwọ́ ọ̀nì bọ òyìnbó lọ́wọ́. Dorcas rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ tirẹ̀ ló burú jù nínú gbogbo wọn. Láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, ẹran ti ń yọjú. Nígbà tí làálì kan ibẹ̀, Dorcas fi eyín di etí ìró rẹ̀ mú.

Ó ní, “Fi sí i dáadáa, kó lè bò ó.”

Safurat sì bò ó. Ó pa gbogbo ìka dúdú, ó ya òdòdó sí àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó ṣe tán, èèyàn ò lè mọ̀ pé àwọn ọwọ́ yẹn ti kan iṣẹ́ rí.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin òyìnbó kan dé, òun àti Bushrah, ọmọbìnrin ará Ìbàdàn tó ń túmọ̀ èdè fún un. Bushrah kúnlẹ̀, ó kí wọn.

Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé kajú ń jó ọwọ́ àwọn tó ń fọ́ ọ, ìdí tí àwọn ṣe wá nìyẹn. Tó bá jẹ́ òótọ́, àwọn ò ní rà á mọ́ àfi tí ẹni tó ni iṣẹ́ bá ra ìbọ̀wọ́ fún yín, tó sì tọ́jú yín.”

Safurat wo àwọn ọwọ́ tó tò lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀, gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn ní òdòdó. Mátíù ká ọwọ́ lẹ́rán lẹ́yìn òyìnbó náà, ó ń wò wọ́n. Òyìnbó gba ọwọ́ Safurat, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi fóònù yà á.

Bushrah ní, “Wọ́n ní ọwọ́ yín rẹwà gan-an, ma. Ṣé iṣẹ́ náà ò ni yín lára? Ṣé dáadáa ni?”

Yorùbá wo ni wọ́n bi pé ṣé dáadáa ni, tó ní rárá? Iná ìbáà máa jó lórí òrùlé, ohun tí ẹnu mọ̀ ni ẹnu á sọ.

Safurat ní, “A dúpẹ́.” Àwọn yòókù sì gbè é pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ epo làráyé ń bá ni lá, wọn kì í bá ni lá tẹ̀jẹ̀. Ẹni tó torí ẹ̀jẹ̀ wá látòkè òkun, ọwọ́ epo ni Safurat nà sí i.

Kí wọ́n tó lọ, òyìnbó fún wọn ní kajú inú ọ̀rá kéékèèké, irú èyí tí wọ́n ń tà nílùú tiwọn. Bushrah ní owó ọ̀rá kan níbẹ̀ ju ohun tí ẹnì kan ń gbà lójúmọ́ níbí lọ. Nígbà tí Safurat délé, ìka rẹ̀ ò lè ya ọ̀rá náà. Haneefah ló bá a ya á, òun nìkan ló sì jẹ ẹ́. Ìbànújẹ́ ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lè fi ẹyọ kan kan ẹnu.

Ìbọ̀wọ́ ò dé. Àwòrán ló dé látọ̀dọ̀ òyìnbó, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, ọwọ́ Safurat pẹ̀lú òdòdó rẹ̀. Mátíù gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹni tó bá ti ráhùn báyìí, á ní kó gbójú sókè wò ó.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Dorcas wú, kò lè di kóró mú mọ́. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé, wọ́n sì fi ẹlòmíì sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Safurat lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ni òun bo ọwọ́ rẹ̀.

Dorcas ní, “Èmi náà ni mo nà án sí ọ.”

Ní ọdún kejì, àlejò tún ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Mátíù fúnra rẹ̀ ló ra làálì. Ó gbé e síwájú Safurat, ó ní bí ọwọ́ ṣe rí nínú àwòrán ni kí ọwọ́ gbogbo wọn rí, ẹni tí tirẹ̀ ò bá rí bẹ́ẹ̀ kó má wulẹ̀ wá. Ohun tí Safurat fi ń bu ọlá fún àlejò ti di àṣẹ.

Àwọn obìnrin na ọwọ́. Safurat mú ẹyọ ìgbálẹ̀ tó fi ń ya òdòdó, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún un mú, ó tún bọ́. Ìka ò ká mọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n le. Bí wọ́n ṣe fa ọwọ́ wọn padà nìyẹn, tí wọ́n sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá bí wọ́n ṣe rí, Mátíù ò sì ráyè lé wọn kí ọkọ̀ àlejò tó dé. Bushrah kúnlẹ̀ níwájú Safurat, ó ní, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ma. Ṣé dáadáa ni?”

“A dúpẹ́” ti dé orí ahọ́n. Safurat gbé e mì. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí irin ẹ̀rọ, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́.

Ó ní, “Kò dáa, ọmọ mi. Ẹnì kan wà nílé tí tirẹ̀ burú ju èyí lọ. Sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí gẹ́lẹ́, má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Èmi ti bò ó lẹ́ẹ̀kan.”