Ó Yé Wa, Àǹtí

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́yìn tí mo parí àgùnbánirọ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ àwọn àgbà ní Òkòkòmáíkò. Ilé alájà kan ni. Àwọn tó ń ta táyà ló wà nísàlẹ̀, àwa wà lókè. Wọ́n ń kọ́ aṣọ rírán ní yàrá kan, wọ́n ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní òmíràn, èmi sì wà ní yàrá tó kángun sí àtẹ̀gùn, níbi tí òórùn rọ́bà ti máa ń gòkè wá bá wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ilé ìwòsàn aládàáni kan rán wá ni mò ń kọ́. Mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ike oògùn apakòkòrò, àti bí wọ́n ṣe máa pò ó mọ́ omi.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ bí ara mi ṣe rí nígbà yẹn, torí mi ò rò pé mo lè sọ ìyókù láìsọ ọ́. Inú mi kò bàjẹ́. Ká ní inú mi bàjẹ́ ni, ǹ bá ti sunkún, ǹ bá sì sinmi. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n gún èèyàn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀. O mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wà níbẹ̀, o tiẹ̀ ń fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn lo fọwọ́ kàn. Mo máa ń jí nílé ìyá mi ní Ìbà, màá wẹ̀, màá wọ kẹ̀kẹ́ dé Ìyànà Ìbà, màá tún wọ òmíràn. Àyà mi máa ń já lórí ohun gbogbo, síbẹ̀ mi ò mọ nǹkan kan lára. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí méjèèjì lè wà pa pọ̀. Wọ́n wà pa pọ̀ lára mi.

Àwọn tí mò ń kọ́ kò pọ̀. Àwọn ọmọbìnrin mélòó kan wà tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Bàbá kan wà tó ń gbálẹ̀ àgbàlá ilé ìwòsàn, Bàbá Àgbàlá la ń pè wọ́n, wọn kì í lè pa ẹnu mọ́ láìdá àpárá. Ìyá Ìbejì náà sì wà.

Opó ni Ìyá Ìbejì. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń ru koríko àti èèpo ẹ̀gẹ́ lọ fún àwọn tó ń ta àgbò ní Alábà Rágò, títí orúnkún wọn fi kọ ẹrù. Iṣẹ́ ìmọ́tótó yìí ni wọ́n rí ṣe lẹ́yìn náà, òun nìkan ló sì kù tí agbára wọn ká. Ilé ìwòsàn ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé mátírọ́ọ̀nù máa wá dán wọn wò fúnra wọn. Ẹni tí kò bá lè po oògùn bó ṣe yẹ, kó máa lọ sílé. Àwọn ọmọbìnrin yẹn lè rí ibòmíràn. Ìyá Ìbejì mọ̀ pé àwọn ò lè rí i, èmi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ, síbẹ̀ Àǹtí ni wọ́n ń pè mí, "ẹ" ni wọ́n sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ojú máa ń tì mí. Lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fi "o" bá mi sọ̀rọ̀.

"Ha! Kí n máa pe tíṣà ní ìwọ?"

Bàbá Àgbàlá dá sí i. "Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Lókè níbí, tíṣà wa ni yín. Ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alátáyà ná, ẹ ó padà di ọmọ wa."

Tí mo bá parí ẹ̀kọ́, mo máa ń bi wọ́n léèrè pé, "Ṣé ó yé yín?"

Gbogbo wọn á jọ fi ẹnu kan dáhùn: "Ó yé wa, Àǹtí!"

Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Bóyá kí n sọ pé mo nílò rẹ̀. Òun nìkan ni nǹkan tó ń ta ba ibi tó kú lára mi lójúmọ́, bí ìgbà téèyàn bá fi èékánná ha ẹsẹ̀ tó kú tipiri. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì rí.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ìdánwò kò jìnnà mọ́. A ti fẹ́ lọ sinmi nígbà tí Ìyá Ìbejì gbójú sókè wo aago ara ògiri, wọ́n tún wo ike tó wà lórí tábìlì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ilé ìwòsàn wa, wọn kì í dúró o. Kùtù àárọ̀ ni wọ́n ń po nǹkan yìí. Ṣé kò ní bàjẹ́?"

"Kí wọ́n dúró de kí ni, Mà?"

"Kí wọ́n dúró de àkókò ẹ̀ ni."

Wọ́n fi ìka tọ́ ara ike náà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 1:10. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti ń sọ̀rọ̀ lé e lórí.

"Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni Ìyá Ìbejì wí.

Ẹ̀rín bú.

"Ìyá Ìbejì!" Bàbá Àgbàlá ń lu tábìlì. "Ṣé oògùn náà fẹ́ lọ kírun Àyìlà ni?"

Ìyá Ìbejì fúnra wọn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n fi etí ìborùn bo ẹnu. "Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí wa gan-an nìyẹn." Òótọ́ ni. Mo mọ pátákó yẹn, ó wà nítòsí Ìyànà Ìbà, iná pupa ni wọ́n fi ń kọ àkókò ìrun márààrún sára rẹ̀, pẹ̀lú àmì ẹ̀kán méjì, ọ̀kan lórí èkejì, láàárín nọ́ńbà. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ti mọ nọ́ńbà kà. Níbi gbogbo tí wọ́n ti rí ẹ̀kán méjì yẹn rí láyé wọn, aago ló ń sọ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, kí ni àmì yẹn ń sọ?"

Ẹ̀rín wọn dúró. "Èmi mọ̀ pé kì í ṣe aago. Ohun tó wá jẹ́ gan-an ni mi ò mọ̀."

Mo wo àwọn ọmọbìnrin. Ọ̀kan ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, òmíràn ń wá nǹkan nínú báàgì. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ ti ní ó yé yín."

Ìyá Ìbejì ló dá mi lóhùn, ohùn wọn sì tutù, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Àǹtí, ẹ ti sọ̀rọ̀ títí òógùn fi ń bọ́ lójú yín. Ẹni tó bá wá ní kò yé òun, ṣé kò ti bú yín ni?"

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Wọ́n ti mọ̀ pé "Kò sí" ni màá sọ, torí ohun tí mo ti ń sọ láti oṣù mélòó kan nìyẹn. Wọ́n kàn sún àwo ẹ̀wà sí mi. Nígbà tí ọwọ́ mi ti ń ṣa ẹ̀wà, ẹnu mi là, mo sì sọ ọ̀rọ̀ aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú.

"Ìwọ náà lo fà á," ni wọ́n wí. "O máa ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Láti kékeré."

Mi ò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi dúró tì mí. Mo rò ó ní alẹ́, mo tún rò ó ní àárọ̀. Tí mo bá bi wọ́n bóyá ó yé wọn, ó dà bíi pé orí wọn ni mò ń dán wò, ẹni tó bá ní kò yé òun ti bú èmi àti ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mo sáré, ẹ̀bi di tèmi, ó sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó máa bú ẹnì kankan mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo parí àlàyé lọ́jọ́ kejì, mo ní, "Níbo ni mo ti sáré jù?"

Bàbá Àgbàlá ha orí. "Níbi gbogbo, Àǹtí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìka ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà jáde, ó tọ́ ìlà kan lára pátákó. Lẹ́yìn náà, ìka Ìyá Ìbejì. Mo padà síbẹ̀. Mo ní ẹ̀kán méjì yẹn kò ju "sí" lọ: ọ̀kan sí mẹ́wàá, kọ́ọ̀bù oògùn kan sí kọ́ọ̀bù omi mẹ́wàá. A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, a ń wọn omi, a ń dà á nù, a tún ń wọn ọ́n. Bá a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn títí mátírọ́ọ̀nù fi dé.

Obìnrin gíga ni mátírọ́ọ̀nù, ohùn wọn kì í ṣe ti ẹni burúkú, ṣùgbọ́n wọ́n ń kánjú. Ike mìíràn ni wọ́n mú wá, èyí tá ò lò rí. Wọ́n ṣàlàyé bí a ṣe ń pò ó fún ilẹ̀ lásán, wọ́n tún ṣàlàyé ti ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sí, tó yẹ kó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èdè Òyìnbó àti Yorùbá ni wọ́n pa pọ̀, ọ̀rọ̀ ń lé ara wọn.

"Ó yé yín?"

"Ó yé wa, mà!"

Mo gbọ́ ọ, ohùn yẹn gan-an, ohùn tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn, mo so ọwọ́ pọ̀.

Ìyá Ìbejì wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sáré níbì kan."

Mátírọ́ọ̀nù yíjú. "Ẹ ní kí ni?"

"Níbi ti ẹ̀jẹ̀ yẹn, mà. Ẹ sáré."

"Èmi? Èmi ni mo sáré?"

"Ó parí," ni Bàbá Àgbàlá rọra wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu mátírọ́ọ̀nù yìí lè dá Ìyá Ìbejì padà sílé lọ́jọ́ náà, àti pé èmi ni mo kọ́ wọn ní gbólóhùn tí wọ́n máa fi lọ. Ó yẹ kí n sọ nǹkan. Ahọ́n mi kàn wà lẹ́nu mi bí nǹkan tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn. "Ẹ má bínú, mà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níbí nìyẹn. Wọ́n ní tíṣà tó bá sáré, ká fi ìka tọ́ ibẹ̀ fún un."

Mátírọ́ọ̀nù wò mí. "Ìwọ lo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n mú ike náà, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá tún ti ẹ̀jẹ̀ sọ, díẹ̀díẹ̀, ní Yorùbá, wọ́n ń fi ìka ṣírò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tó kan pípò, Ìyá Ìbejì ń ka kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ẹnu bí ẹni ń fa tẹ̀súbáà. Wọn ò ṣì í. Méjì nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn po ti ilẹ̀ lásán fún ti ẹ̀jẹ̀, mátírọ́ọ̀nù sì ní kí wọ́n tún ẹ̀kọ́ ṣe, kí òun padà wá wò wọ́n. Wọ́n wá yíjú sí Ìyá Ìbejì.

"Ẹ wá síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n ẹ má dá mi dúró bẹ́ẹ̀ lójú aláìsàn o."

"Ó yé mi, mà," ni Ìyá Ìbejì wí, Bàbá Àgbàlá sì ní láti sá jáde lọ rẹ́rìn-ín.

Gbogbo èèyàn ń dì mọ́ra. Èmi náà dì mọ́ wọn. Mò ń dúró de ayọ̀. Mo fẹ́ kó yé yín pé mo mọ̀ pé ohun ayọ̀ ni, mo tiẹ̀ lè tò ó lẹ́sẹẹsẹ: iṣẹ́ ìyá yìí kò bọ́, ohun tí mo kọ́ wọn ló gbà wọ́n, wọn ò ní padà sí ẹrù rírù. Mo tò ó tán, mo wo inú ara mi, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Èmi àti Ìyá Ìbejì la jọ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú, wọ́n ń rọra gbé orúnkún. A kọjá láàárín àwọn táyà, a lọ dúró de kẹ̀kẹ́ létí títì.

"Ṣé inú yín dùn, Àǹtí?"

"Ó dùn, Mà. A dúpẹ́."

Wọ́n wẹ̀yìn wo ilé alájà náà, wọ́n wo àwọn alátáyà, bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tá a dúró sí gan-an. Nígbà tí wọ́n máa tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yàtọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni wọ́n wí, "níbo layé ti sáré jù fún ọ?"

Mo la ẹnu láti sọ pé kò sí. Kò jáde. Kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú wa, ẹni tó wà á ń pariwo Ìyànà Ìbà, Ìyànà Ìbà, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín. Àyè méjì wà nínú rẹ̀.

"Àárọ̀ ni, Mà," ni mo wí. "Tí mo bá ti ń jí."

Ìyá Ìbejì mi orí. Wọ́n júwọ́ sí kẹ̀kẹ́ náà pé kó máa lọ.