Orúkọ Tí Ẹfúnwùmí Kò Lè Pè

"Ta ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Augustin ló bi Ẹfúnwùmí bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì kan ní Àjàṣẹ́, lọ́jọ́ tí Ẹfúnwùmí ń gbèjà ìwé ìwádìí máásítà rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni Ẹfúnwùmí ní ìlú Tatonnonkon. Ohun tó lọ kọ́ ni bí olórí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lè bá àwọn òbí tí èdè àti àṣà wọn yàtọ̀ síra sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì gbọ́ra wọn yé.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni àbúrò ọkọ rẹ̀, adẹ́mu ní ìlú Massè, tó gbọ́ èdè Gùn tó sì gbọ́ èdè Fọ̀n. Òun ló ń mú un la oko ẹ̀gẹ́ kọjá nínú ìkùukùu òwúrọ̀, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn òbí fún un. Ẹfúnwùmí ní bí àlá ló ń rí: ohùn á kọ́kọ́ ti inú funfun yẹn dé, ènìyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọ.

"Ìnagijẹ nìyẹn," ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà wí. "Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́?"

Ẹfúnwùmí kò lè pè é. Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, kì í pe orúkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó ní ṣe ni gbọ̀ngàn náà ń sún jìnnà sí òun díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ìkùukùu Massè ti wọlé. Ó ṣàlàyé. Àwọn olùdánwò gbọ́, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn kò ní fọwọ́ sí i àfi tí orúkọ gidi ògbufọ̀ náà bá wọ inú rẹ̀.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ní, "Gbé e wá kí n kọ ọ́."

"Rárá o. Ọpẹ́ ìyàwó ni. Ọwọ́ ìyàwó ló yẹ kó ti jáde."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fọ akèrègbè rẹ̀ lẹ́bàá ògiri. "Ìyàwó, ṣé èmi náà ti wá di òrìṣà tí wọn kì í dárúkọ?"

"Ọkọ mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbèsè yín ló wà lọ́rùn mi."

Ẹfúnwùmí wá yíjú sí mi, ó gbé ìwé náà fún mi. Èmi ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn àgbà. Wọn kò tíì bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà tí mo wọ ilé yìí; ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí kó tó mọ ìrìn. Èmi tí mo fúnra mi kọ́ ìwé láìlọ sílé-ẹ̀kọ́, ọwọ́ mi kì í yá. Mo tẹ́ ìwé náà sórí itan, mo kọ orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Mobọ́lájí.

Ẹfúnwùmí tẹjú mọ́ ọn títí. Kò kà á sókè.

"Ó tán," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí fún un. "O ò jẹ mí ní gbèsè kankan mọ́."