Ṣọkọ Tí Màmá Mi Dá Sí

Bí ẹ bá fẹ́ bí mi nínú, ẹ ní kí n wá gbin òdòdó sí iwájú ilé. Ní Festac, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí òjò àrọ̀kúrò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà, a mọ ohun tí à ń gbìn: ewédú, tẹ̀tẹ̀, ilá díẹ̀, àti ṣọkọ. Àfi bí alága àdúgbò wa ṣe ti ìlú òyìnbó dé, tó ní òdòdó nìkan ló yẹ ojú títì, pé ẹ̀fọ́ ń sọ wá di ará oko. Ará oko kẹ̀? Ṣé Festac ni wọ́n bí bàbá tiẹ̀ sí ni?

Màmá mi ò bá a jiyàn. Wọ́n gbin òdòdó bó ṣe wí. Ebè ṣọkọ kan ṣoṣo ni wọ́n dá sí lẹ́bàá gọ́tà. Irúgbìn ìyá tó bí wọn ni, ìyá tó kú lọ́dún náà. Òjò ti wọ inú ìgò tí ìyókù wà, gbogbo rẹ̀ ti bu. Èyí tí wọ́n gbìn yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù, a ò sì gbọdọ̀ já ewé kan níbẹ̀ títí yóò fi tanná, tí èso rẹ̀ yóò fi gbó, kí wọ́n lè gba irúgbìn mìíràn. Wọ́n lọ bá alága nílé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ṣàlàyé. Alága ní, "Mo ti gbọ́, Mọ́mì. Kò sí wàhálà."

Irọ́ ni, etí ikún ló kọ sí i. Ní Sátidé ìmọ́tótó, bí a ṣe ń kó ìdọ̀tí ẹ̀yìnkùlé, òun fúnra rẹ̀ ló dúró ti àwọn tó ń fi àdá gé koríko níta, tó nàka sí ebè náà fún wọn. Ká tó jáde, ṣọkọ ti wà nínú gọ́tà, èso rẹ̀ ò tíì gbó. A sá a, a gbọ̀n ọ́n, ìyàngbò lásán ló jáde.

Lọ́jọ́ kejì, alága ra irúgbìn inú ọ̀rá wá láti Satellite Town. Ó ní, "Ṣọkọ náà ni, Mọ́mì. Ẹ máà bínú." Màmá mi tún kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Nígbà tó lọ tán, mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò bú u?"

Wọn ò wo ojú mi. "Kí n bú u ṣe kí ni? Ẹ̀fọ́ ló rò pé òun gé."

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti kí alága mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́, màmá mi pàápàá bá mi wí títí. Mi ò kí i títí a fi kó kúrò níbẹ̀.